Wàráǹtì Kóòtù Kì í Gbó: Bí Ará Ìbàdàn Ṣe Lè Wá A Rí àti Bó Ṣe Lè Yanjú Rẹ̀

Agodi kò jìnnà sí àárín gbùngbùn Ìbàdàn àtijọ́. Ẹni tó bá ti Ọjà'ba gun òkè Mápó, tó sọ̀ kalẹ̀ sí Bẹẹrẹ, tó sì gba Ọ̀jẹ́ kọjá, yóò dé ibẹ̀ kó tó rẹ̀ ẹ́. Ọ́fíìsì gómìnà wà ní Agodi, Sẹkitéríàtì ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ wà níbẹ̀, ọgbà ìgbafẹ́ ńlá sì wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá sọ ní Bẹ́yẹrúnkà pé wọ́n ti gbé ọmọ lágbájá lọ sí Agodi, kò sí ẹni tí yóò rò pé fàájì ló bá lọ. Ọgbà ẹ̀wọ̀n ni gbogbo ènìyàn mọ̀ pé wọ́n ń wí.

Ní 1894 ni wọ́n dá ọgbà ẹ̀wọ̀n náà sílẹ̀. Ènìyàn 389 ni ààyè rẹ̀ wà fún, ṣùgbọ́n ó ti pẹ́ tí iye àwọn tó wà nínú rẹ̀ ti ju ẹgbẹ̀rún kan lọ. Òfin tí ìjọba àpapọ̀ ṣe ní 2019 ti yí orúkọ irú ibẹ̀ padà sí ilé àtúnṣe ìwà, síbẹ̀ ẹ̀wọ̀n ni ará ìlú ṣì ń pè é. Ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kò mọ̀ ni pé èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn tó wà níbẹ̀ kì í ṣe ẹni tí adájọ́ ti dá lẹ́bi. Wọ́n ń retí ìdájọ́ ni. Lára irú àwọn bẹ́ẹ̀ ni a ti ń rí ẹni tí kóòtù ti fún ní béèlì tẹ́lẹ̀, tó ti padà sílé, tó ń ṣe iṣẹ́ oòjọ́ rẹ̀, kí ọjọ́ ìgbẹ́jọ́ kan tó kọjá lórí rẹ̀ tí kò yọjú. Adájọ́ pe orúkọ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta, kò dáhùn. Ọlọ́pàá agbẹjọ́rò dìde, ó béèrè fún ìwé àṣẹ. Adájọ́ sì buwọ́ lù ú. Ìwé yẹn ni àwọn lọ́yà ń pè ní bẹ́ǹṣì wàráǹtì, tí àwọn oníròyìn sì máa ń kọ pé "adájọ́ ti ní kí wọ́n lọ gbé e wá."

Ó yẹ kí a mọ ìyàtọ̀ tó wà láàárín irú wàráǹtì yìí àti èyí tí ọlọ́pàá máa ń gbà kí ẹjọ́ tó bẹ̀rẹ̀. Tọ̀hún jẹ́ àṣẹ láti mú ẹni tí wọ́n fura sí. Ẹnì kan ní láti búra níwájú adájọ́ lórí ẹ̀sùn náà kí adájọ́ tó lè fún wọn. Bẹ́ǹṣì wàráǹtì ní tirẹ̀, adájọ́ fúnra rẹ̀ ni wọ́n ṣẹ̀. Ó ti pàṣẹ pé kí ẹnì kan wá, ẹni náà kò wá. Nítorí náà, kò sí ìbúra tuntun tó nílò, nítorí pé ìwé ẹjọ́ tó wà níwájú rẹ̀ ti tó ẹ̀rí. Kì í sì ṣe olùjẹ́jọ́ nìkan ló lè bá. Ẹlẹ́rìí tí wọ́n fi ìwé pè tí kò dáhùn lè bá a pàdé. Oníduùró lè bá a pàdé. Àwọn ọlọ́pàá tó ṣe ìwádìí ẹjọ́, tí wọ́n ń sá fún wíwá jẹ́rìí nítorí pé wọ́n ti gbé wọn lọ sí ìpínlẹ̀ mìíràn, àwọn náà ti bá a pàdé rí.

Bó ṣe ń ṣẹlẹ̀

Bí a bá ń gbọ́ ọ̀rọ̀ nípa ẹni tó sá fún kóòtù, ohun tó máa ń wá síni lọ́kàn ni ọ̀daràn tó gba ibodè Ṣẹ̀mẹ̀ jáde lóru. Irú wọn wà. Ṣùgbọ́n ẹni tó gbàgbé ọjọ́ pọ̀, ẹni tí àìsàn dá mọ́lẹ̀ pọ̀, ẹni tí kò ní owó ọkọ̀ pọ̀, ẹni tí wọ́n sì sọ ọjọ́ fún ní èdè òyìnbó tí kò gbọ́ yékéyéké náà pọ̀. Àwọn mìíràn dé kóòtù lẹ́ẹ̀mẹ́rin tí adájọ́ kò jókòó. Ní ẹ̀ẹ̀karùn-ún wọ́n jókòó sílé, ọjọ́ náà gan-an ni adájọ́ sì wá. Wọ́n tún lè gbé májísíréètì kan kúrò, kí ìwé ẹjọ́ bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn tí ọjọ́ rẹ̀ yàtọ̀.

Àwọn ìgbà kan tilẹ̀ wà tí gbogbo orílẹ̀-èdè pàdánù ọjọ́ ẹjọ́ pọ̀. Nígbà àrùn Kòrónà, Tanko Muhammad tó jẹ́ adájọ́ àgbà orílẹ̀-èdè yìí nígbà náà pàṣẹ pé kí àwọn kóòtù dáwọ́ ìjókòó dúró láti ọjọ́ 24, oṣù kẹta, 2020, yàtọ̀ sí ọ̀rọ̀ kánjúkánjú. Ọdún kan lẹ́yìn rẹ̀, ní ọjọ́ 6, oṣù kẹrin, 2021, ẹgbẹ́ àwọn òṣìṣẹ́ kóòtù, JUSUN, gùn lé ìyanṣẹ́lódì tó gba oṣù méjì ó lé. Ẹni tí ọjọ́ rẹ̀ bọ́ sí àárín àwọn àsìkò wọ̀nyí, tí kò sì padà lọ béèrè ọjọ́ tuntun, ti fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn lọ sí ẹnu wàráǹtì láìmọ̀. Kóòtù kì í wá olùjẹ́jọ́ tó wà lórí béèlì kiri láti sọ fún un pé a ti sún ẹjọ́ síwájú. Òun ni ó yẹ kó wá ọjọ́ náà rí.

Ohun kejì tó ń ṣi àwọn ènìyàn lọ́nà ni èrò pé bí ọdún bá ti gorí ọdún, ọ̀rọ̀ náà ti kú. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Òfin Ìgbékalẹ̀ Ìdájọ́ Ọ̀daràn tí ìjọba àpapọ̀ ṣe ní 2015, èyí tí ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ ṣe irú tirẹ̀ ní 2016, sọ pé wàráǹtì yóò máa wà láàyè títí wọn yóò fi mú ẹni tí wọ́n kọ ọ́ fún, tàbí títí adájọ́ yóò fi fagi lé e. Kò sí ọjọ́ tí yóò fúnra rẹ̀ parí. Wọ́n lè buwọ́ lù ú lọ́jọ́ Àìkú tàbí ọjọ́ ọdún, wọ́n sì lè mú ènìyàn lé e lórí lọ́jọ́kọ́jọ́, ní ọ̀sán tàbí ní òru. Ibì kan péré ni òfin náà yọ sílẹ̀: ọlọ́pàá kò gbọdọ̀ fi wàráǹtì mú ènìyàn nínú yàrá kóòtù gan-an tí adájọ́ ti ń gbọ́ ẹjọ́ lọ́wọ́. Ó yẹ kí ẹni tí ẹ̀rù ń bà láti padà lọ sí kóòtù ronú sí ìyẹn dáadáa. Adájọ́ nìkan ni yóò sọ ohun tó kàn níbẹ̀.

Àwọn tó gbọ́njú ní 1969 kò tíì gbàgbé bí àwọn Àgbẹ̀kọ̀yà ṣe ya wọ ọgbà ẹ̀wọ̀n Agodi ní oṣù kẹsàn-án ọdún náà, tí wọ́n tú àwọn ènìyàn wọn sílẹ̀. Ìlẹ̀kùn lè ṣí, ẹjọ́ kì í bá ìlẹ̀kùn lọ. Bákan náà ló rí nígbà tí iná jó Ilé-ẹjọ́ Gíga tó wà ní Igbóṣere, ní Èkó, ní oṣù kẹwàá, 2020, tí ọ̀pọ̀lọpọ̀ ìwé ẹjọ́ di eérú: iṣẹ́ àtúntò ìwé ló délẹ̀, kì í ṣe òpin ẹjọ́.

Ibi tí wọ́n ti ń wá a

Ní ọ̀pọ̀ káńtì ní Amẹ́ríkà, ènìyàn lè tẹ orúkọ rẹ̀ sínú kọ̀ǹpútà ní ilé, kó sì rí i bóyá wàráǹtì wà fún òun. Ó ti mọ́ àwọn ọmọ Yorùbá tó ń gbé ní Houston tàbí Chicago lára, débi pé bí wọ́n bá ń bá ará ilé sọ̀rọ̀ lórí fóònù, ohun tí wọ́n máa ń sọ ni pé kó "lọ wò ó lórí íntánẹ́ẹ̀tì." Ní Ìbàdàn, kò sí irú àkọsílẹ̀ bẹ́ẹ̀ tí ará ìlú lè ṣí wò. Inú ìwé ẹjọ́ ni wàráǹtì ń gbé, nínú kóòtù tí wọ́n ti kọ ọ́, pẹ̀lú ẹ̀dà kan tó lọ sọ́wọ́ ọlọ́pàá. Nítorí náà, ẹni tó bá fẹ́ wá a ní láti kọ́kọ́ mọ irú kóòtù tó ń wá.

Bó bá jẹ́ ẹ̀sùn tí ọlọ́pàá gbé lọ, bíi ìjà, olè kékeré, jìbìtì owó àjọ tàbí ìdẹ́rùbani, kóòtù májísíréètì ló sábà máa ń jẹ́, Ìyágànkú sì ni ojúkò wọn ní Ìbàdàn. Bó bá jẹ́ ìpànìyàn tàbí ìdigunjalè, Ilé-ẹjọ́ Gíga ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ tó wà ní Ring Road ni kó wò, nítorí pé májísíréètì kò ní agbára láti gbọ́ irú rẹ̀ dópin bí wọ́n tilẹ̀ kọ́kọ́ gbé e lọ síwájú rẹ̀. Ọ̀rọ̀ oògùn olóró tí àjọ NDLEA mú ń lọ sí Ilé-ẹjọ́ Gíga ìjọba àpapọ̀. Ti EFCC ni kì í dúró sójú kan: àjọ náà ń gbé ẹjọ́ lọ sí kóòtù ìjọba àpapọ̀ àti ti ìpínlẹ̀, nítorí náà orúkọ àjọ nìkan kò tó láti mọ ibi tí ìwé wà. Ní ti àwọn kóòtù ìbílẹ̀ bí ti Mápó, tí ìtúká ìgbéyàwó àti ọ̀rọ̀ ilẹ̀ pọ̀ níbẹ̀, ẹni tí kò yọjú níbẹ̀ sábà máa ń gbọ́ pé wọ́n ti dá ẹjọ́ lẹ́yìn òun ni. Ìyẹn tún ní wàhálà tirẹ̀, ṣùgbọ́n kì í ṣe ti wàráǹtì.

Ohun mẹ́ta ni akọ̀wé kóòtù yóò béèrè: nọ́ńbà ẹjọ́, orúkọ olùjẹ́jọ́ bó ṣe wà nínú ìwé ẹ̀sùn, àti ọdún. Àwọn ènìyàn kì í fi ojú pàtàkì wo nọ́ńbà ẹjọ́, bẹ́ẹ̀ ó wà lókè ìwé ẹ̀sùn tí wọ́n fún wọn lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ó sì wà lórí ìwé béèlì tí oníduùró buwọ́ lù. Bí ìwé ti sọnù, oníduùró lè ní tirẹ̀ nípamọ́. Orúkọ náà tún máa ń fa ìdàrúdàpọ̀: ẹni tí gbogbo ilé ń pè ní Ràṣídì lè jẹ́ Rasheed nínú ìwé ọlọ́pàá, orúkọ bàbá bàbá rẹ̀ sì lè di orúkọ ìdílé. Kí wọ́n wá gbogbo ọ̀nà tí wọ́n lè gbà kọ ọ́.

Kì í ṣe olùjẹ́jọ́ fúnra rẹ̀ ló yẹ kó kọ́kọ́ lọ béèrè. Bó bá wọ àgọ́ ọlọ́pàá lọ bi wọ́n pé ṣé wọ́n ń wá òun, ó ṣeé ṣe kí ìdáhùn náà jẹ́ pé kó jókòó sẹ́yìn káńtà. Lọ́yà ni kó rán. Lọ́yà yóò lọ bá akọ̀wé kóòtù, yóò kọ ìwé pé òun fẹ́ yẹ ìwé ẹjọ́ wò, yóò san owó tí òfin là sílẹ̀, yóò sì gba ẹ̀dà tí kóòtù fi òǹtẹ̀ lù pé òótọ́ ni. Òfin Ẹ̀rí ti 2011 fún ẹni tó ní ẹ̀tọ́ láti yẹ irú ìwé bẹ́ẹ̀ wò ní àǹfààní láti gba ẹ̀dà rẹ̀. Nínú ẹ̀dà yẹn ni yóò ti rí ọjọ́ tí wọ́n buwọ́ lu wàráǹtì, ohun tí adájọ́ sọ lọ́jọ́ náà, bóyá wọ́n gba béèlì padà tàbí wọn kò gbà á, àti ọjọ́ tí ẹjọ́ náà tún ń bọ̀. Bí Ilé-ẹjọ́ Gíga ló ni ẹjọ́, lọ́yà lè tún kàn sí Ilé-iṣẹ́ Ètò Ìdájọ́ ní Sẹkitéríàtì, Agodi, níbi tí àwọn agbẹjọ́rò ìjọba wà. Bí májísíréètì ni, ọlọ́pàá agbẹjọ́rò tó wà nídìí ẹjọ́ náà ni yóò bá sọ̀rọ̀.

Ẹni tí kò ní owó lọ́yà lè lọ sí Ìgbìmọ̀ Ìrànwọ́ Òfin ìjọba àpapọ̀, Legal Aid Council, tó ní ẹ̀ka ní Ìbàdàn. Àwọn tí owó tó ń wọlé fún wọn kò ju owó oṣù tó kéré jù lọ ni òfin wọn ti 2011 kọ́kọ́ fojú sùn.

Fífi ẹsẹ̀ ara ẹni rìn wọlé

Gbogbo ohun tó kù dá lórí bóyá ẹni náà wá fúnra rẹ̀ tàbí wọ́n wọ́ ọ wá. Ní ọjọ́ 18, oṣù kẹsàn-án, 2015, ìgbìmọ̀ tó ń gbọ́ ẹ̀sùn ìwà àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba, tí Danladi Umar jẹ́ alága rẹ̀, pàṣẹ pé kí ọlọ́pàá lọ mú Bukola Saraki, ẹni tó jẹ́ ààrẹ ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin àgbà nígbà náà, nítorí pé kò yọjú. Ní ọjọ́ 22, oṣù kan náà, Saraki fúnra rẹ̀ wọlé, ó bọ́ sínú àpótí olùjẹ́jọ́, ó ní òun kò jẹ̀bi. Wàráǹtì yẹn kò tún ní iṣẹ́ kankan láti ṣe mọ́, ẹjọ́ sì ń bá a lọ. Ẹni tó tóbi tó bẹ́ẹ̀ ní àwọn lọ́yà àgbà lẹ́yìn, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ọ̀nà tó gbà yanjú rẹ̀ kò yàtọ̀ sí èyí tó ṣí sílẹ̀ fún awakọ̀ taksí ní Ọjà'ba.

Lọ́yà yóò kọ ìwé sí kóòtù pé kí adájọ́ fagi lé wàráǹtì, yóò sì fi ìwé ìbúra tì í, nínú èyí tí olùjẹ́jọ́ yóò ti sọ ìdí tí kò fi wá. Ìwé ìbúra tí kò ní ẹ̀rí nínú kò níye lórí. Bó bá jẹ́ àìsàn, káàdì ilé ìwòsàn àti ìwé dókítà tó ní ọjọ́ lórí ni kó so mọ́ ọn. Bó bá jẹ́ òkú ló sin, ìwé ẹ̀rí ikú. Bó bá jẹ́ pé wọ́n ti kóòtù pa lọ́jọ́ náà, kó sọ bẹ́ẹ̀, nítorí pé ìwé kóòtù fúnra rẹ̀ yóò jẹ́rìí sí i. Bó bá sì jẹ́ pé ó gbàgbé, kó sọ pé òun gbàgbé. Irọ́ nínú ìwé ìbúra jẹ́ ẹ̀sùn mìíràn lọ́tọ̀, àwọn májísíréètì sì ti gbọ́ nípa ìyá àgbà tó kú lẹ́ẹ̀mẹ́ta rí. Ní kóòtù májísíréètì, ó ṣeé ṣe kí lọ́yà fi ẹnu lásán bẹ̀bẹ̀, kí adájọ́ sì gbọ́, bí olùjẹ́jọ́ bá ti dúró níwájú rẹ̀. Dídúró yẹn ni kókó. Adájọ́ kì í fẹ́ fagi lé wàráǹtì ẹni tó ṣì fara pamọ́ síbì kan, tó ń rán lọ́yà níṣẹ́.

Ohun tí adájọ́ lè ṣe pọ̀. Ó lè fagi lé wàráǹtì, kó sì dá béèlì ti tẹ́lẹ̀ padà. Ó lè mú béèlì náà le sí i, kó ní oníduùró méjì ni òun fẹ́ báyìí, tàbí kó gba ìwé ìrìnnà. Ó sì lè gba béèlì náà pátápátá, kó ní kí olùjẹ́jọ́ máa wá láti Agodi. Ìdí nìyí tó fi yẹ kí ẹni tó ń lọ múra sílẹ̀ fún ọjọ́ náà: kó mú oníduùró rẹ̀ lọ́wọ́, kó jẹ́ kí ará ilé mọ ibi tí òun wà, kó sì lọ ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé tàbí ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Ẹni tí wọ́n mú ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì lè sun àgọ́ ọlọ́pàá mọ́jú ọjọ́ Ajé, kí adájọ́ tó rí i.

Ẹni tí kò wá rárá kò dá ẹjọ́ dúró mọ́ bíi ti àtijọ́. Òfin 2015 fún kóòtù ní àṣẹ pé bí ẹni tó wà lórí béèlì kò bá yọjú láìsí ìdí tó mọ́gbọ́n dání, lẹ́yìn tí wọ́n bá ti sún ẹjọ́ síwájú lẹ́ẹ̀mejì, kí ìgbẹ́jọ́ máa lọ lẹ́yìn rẹ̀, kí wọ́n sì lè dá a lẹ́bi. Iye ọdún ẹ̀wọ̀n nìkan ni yóò dúró dè é di ọjọ́ tí ọwọ́ bá tẹ̀ ẹ́. Àwọn ẹlẹ́rìí ti sọ tẹnu wọn tán, kò sì sí ẹni tó bi wọ́n ní ìbéèrè kankan nítorí tirẹ̀.

Oníduùró

Ní àdúgbò bí Bẹ́yẹrúnkà, oníduùró kì í ṣe àjèjì. Ẹ̀gbọ́n ni, àna ni, ìyálọ́jà ni, tàbí mọ́gàjí agbo ilé tí wọ́n lọ jí ní àárọ̀ kùtùkùtù pé kó dákun wá buwọ́ lùwé. Òfin 2015 tilẹ̀ sọ kedere pé kò sẹ́ni tó gbọdọ̀ kọ obìnrin ní oníduùró nítorí pé ó jẹ́ obìnrin nìkan, èyí tí wọ́n ti ń ṣe tẹ́lẹ̀ ní ọ̀pọ̀ àgọ́ ọlọ́pàá. Ṣùgbọ́n ìwé tí wọ́n buwọ́ lù náà ní iye owó nínú, ọ̀pọ̀ kì í sì kà á. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé bí olùjẹ́jọ́ kò bá yọjú, oníduùró ni yóò wá sọ ìdí tí kò fi yẹ kí òun san owó náà, bí kò bá sì lè san án, òun náà lè wẹ̀wọ̀n.

Ẹjọ́ Abdulrasheed Maina jẹ́ kí gbogbo Nàìjíríà rí i pé ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe àwàdà. Maina, tó ti jẹ́ alága ìgbìmọ̀ àtúnṣe owó ìfẹ̀yìntì, ń jẹ́jọ́ níwájú Adájọ́ Okon Abang ní Àbújá. Sẹ́nétọ̀ Ali Ndume dúró fún un pẹ̀lú béèlì tí iye rẹ̀ jẹ́ 500 mílíọ̀nù náírà. Maina ṣíwọ́ wíwá. Ní ọjọ́ 18, oṣù kọkànlá, 2020, adájọ́ gba béèlì rẹ̀, ó sì buwọ́ lu wàráǹtì. Ní ọjọ́ 23, oṣù kan náà, sẹ́nétọ̀ ni wọ́n gbé lọ sí ọgbà ẹ̀wọ̀n Kuje, títí yóò fi san owó náà tàbí kó mú Maina wá. Ọjọ́ 27 ni wọ́n tó gba béèlì òun fúnra rẹ̀, nígbà tó ti pe ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn. Níjẹ̀ ni ọwọ́ ti tẹ Maina, wọ́n sì gbé e padà dé ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kejìlá. Ní oṣù kọkànlá, 2021, wọ́n rán an lọ sí ẹ̀wọ̀n ọdún mẹ́jọ.

Bí sẹ́nétọ̀ bá lè sun Kuje fún ọjọ́ mélòó kan nítorí ẹni tó dúró fún, kí ni ká sọ nípa ìyá alátà ní Ọ̀jẹ́? Ohun kan wà tí òfin gbà láàyè tí àwọn oníduùró kì í lò. Bí oníduùró bá ti ń rí i pé ẹni tó dúró fún ti ń di ẹrù, tàbí pé kò gbé fóònù mọ́, ó lè lọ bá kóòtù pé òun kò dúró mọ́, kí wọ́n tú òun sílẹ̀. Kóòtù yóò pe olùjẹ́jọ́ tàbí kó ní kí wọ́n mú un wá, yóò sì ní kó lọ wá ẹlòmíràn. Ojú máa ń ti ènìyàn láti ṣe bẹ́ẹ̀ fún ọmọ ilé. Ẹni tó bá dúró di ọjọ́ tí wàráǹtì jáde, ó ti pẹ́ jù fún un. Ohun tó kù fún un ni kó lọ wá olùjẹ́jọ́ náà jáde, kóòtù sì sábà máa ń fún un ní àkókò díẹ̀ fún ìyẹn.

Nípa àwọn oníduùró olówó tí ń rìn kiri ní àyíká kóòtù, tí wọ́n ní ìwé ilẹ̀ àti ìwé owó orí tí kò sẹ́ni tó mọ ibi tí wọ́n ti rí i, ọ̀rọ̀ wọn kò gùn. Wọn kì í sí níbẹ̀ lọ́jọ́ tí wàhálà bá dé, ìwé ayédèrú tí wọ́n fi dúró sì lè sọ béèlì olùjẹ́jọ́ di òfo.

Kí wọ́n má mú ará ilé dípò

Nínú ìwé ìtàn Yorùbá tí Samuel Johnson kọ, tó jáde ní 1921, ó sọ nípa ológò, ẹni tí olówó máa ń rán lọ sí ilé onígbèsè láti lọ jókòó tì wọ́n. Yóò máa bú, yóò máa jẹ ohunkóhun tó bá rí, yóò máa yọ gbogbo ilé lẹ́nu títí àwọn ará ilé yóò fi dá owó jọ. Gbogbo agbo ilé ló ń jẹ ìyà ẹnì kan. Ìwà yìí kò tíì tán lára àwọn agbófinró òde òní. Bí wọ́n bá wá ọmọ tí wọn kò bá a, ìyá rẹ̀ ni wọn yóò kó, tàbí ìyàwó tó ń fọ́mọ lọ́mú. Òfin 2015 kọ èyí ní gbólóhùn kan: wọn kò gbọdọ̀ mú ẹlòmíràn dípò ẹni tí wọ́n fura sí. Òfin kan náà àti Òfin Ọlọ́pàá ti 2020 tún sọ pé gbèsè tàbí àdéhùn tó dàrú nìkan kò tó ohun tí a ń torí rẹ̀ mú ènìyàn. Ìyàtọ̀ wà láàárín oníduùró, tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ buwọ́ lùwé, àti ìyá tó kàn bí ọmọ. Ará ilé tí wọ́n bá mú lọ́nà bẹ́ẹ̀ lè gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sí Ilé-ẹjọ́ Gíga lórí ẹ̀tọ́ rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ọmọ ènìyàn.

Ẹni tí wàráǹtì náà wà fún gan-an, bí wọ́n bá mú un, kó béèrè láti rí ìwé náà. Bí kò bá sí lọ́wọ́ ọlọ́pàá nígbà náà, wọ́n ṣì lè mú un, ṣùgbọ́n wọ́n gbọ́dọ̀ fi hàn án ní kíá lẹ́yìn rẹ̀. Kó béèrè lọ́yà rẹ̀, kó sì mọ̀ pé òun kò ní láti sọ ohunkóhun kó tó dé. Abala 35 nínú ìwé òfin ilẹ̀ wa ti 1999 sọ pé kí wọ́n gbé ẹni tí wọ́n mú dé kóòtù láàárín ọjọ́ kan, bí kóòtù bá wà láàárín 40 kìlómítà. Kò sí ibì kankan ní Ìbàdàn àtijọ́, bẹ̀rẹ̀ láti Mápó títí dé Agodi, tó jìnnà tó bẹ́ẹ̀ sí Ìyágànkú tàbí Ring Road.

Àwọn oníjìbìtì náà ti mọ̀ pé ọ̀rọ̀ wàráǹtì ń dẹ́rù bani. Wọn yóò pe ènìyàn lórí fóònù, wọn yóò ní láti kóòtù tàbí Eléyẹlé ni àwọn ti ń pè, pé wàráǹtì rẹ̀ wà lọ́wọ́ àwọn, pé kó fi owó ránṣẹ́ kí àwọn tó fà á ya. Irọ́ ni. Ọlọ́pàá kò lágbára láti fagi lé wàráǹtì, akọ̀wé kóòtù kò sì ní in. Adájọ́ nìkan ló lè ṣe é, nínú kóòtù, kó sì kọ ọ́ sílẹ̀. Owó tí ènìyàn ń san ní kóòtù ní rìsíìtì ìjọba. Béèlì ní àgọ́ ọlọ́pàá fúnra rẹ̀ kì í gba owó, bí ọlọ́pàá ṣe lẹ ẹ́ mọ́ ara ògiri wọn.

Ohun kan ṣì kù tí àwọn ènìyàn máa ń gbàgbé nítorí ayọ̀. Lọ́jọ́ tí adájọ́ bá fagi lé wàráǹtì, ẹ̀dà rẹ̀ tó wà lọ́wọ́ ọlọ́pàá kò mọ̀. Ó ṣì wà nínú fáìlì ní àgọ́ tàbí ní ẹ̀ka ìwádìí ọ̀daràn tó wà ní Ìyágànkú, ọlọ́pàá tuntun tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé dé sì lè fà á yọ lẹ́yìn ọdún méjì, kó sì wá kan ilẹ̀kùn. Nítorí náà, kí lọ́yà gba ẹ̀dà àṣẹ tuntun náà pẹ̀lú òǹtẹ̀ kóòtù, kó mú un lọ sí àgọ́ tí wọ́n fi wàráǹtì ránṣẹ́ sí, kí wọ́n buwọ́ lu ẹ̀dà kan pé àwọn ti gbà á. Kí olùjẹ́jọ́ fi ọ̀kan sínú àpò rẹ̀, kí oníduùró fi ọ̀kan sílé, kí wọ́n sì kọ ọjọ́ ìgbẹ́jọ́ tó kàn sí ara ògiri níbi tí gbogbo ilé ti lè rí i.